Gìtá Igi Máńgòrò

Èmi ò kúkú mọ nǹkan kan nípa igi ju kí n fi dáná lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlara bí ẹni mọ ọ̀nà oko, nítorí náà, ẹ gbọ́.

Ọbàkan ni Bámgbádé àti Ọláyọ́nwá. Bàbá kan ló bí wọn, orogún méjì ló tọ́ wọn, ọ̀gá kan náà ló sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ gìtá kíkàn. Bámgbádé lẹ̀gbọ́n. Ọ̀gànwó ló fi ń ṣe ikùn gìtá tirẹ̀, bí ọ̀gá wọn ti ń ṣe. Igi pupa, igi ọlọ́lá; ó máa ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Nígbà tí ìjì wó igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá Ọláyọ́nwá, gbogbo ayé ní igi ìdáná dé. Ọláyọ́nwá là á sí pákó, ó kó o sórí àjà, lókè ààrò tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja. Èéfín ń rọ́ lù ú títí ọdún fi yí po.

Bámgbádé yọjú. “Yọ́nwá, kí lò ń yan lókè yìí?”

“Gìtá ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Gìtá! Igi tí ọmọdé ń sọ lókò! Bó bá jinná, kí ìyá rẹ bá wa fi ata sí i.”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kò tíì gbẹ ni.”

Kò pẹ́ tí Túbọ̀sún fi ránṣẹ́, olórin tí kì í bọ́ jígí dúdú ojú rẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu, láti yan ẹni tí yóò máa kan gbogbo gìtá ẹgbẹ́ òun. Ẹni tó bá yàn di onígìtá ìlú. Ẹni tó bá fi sílẹ̀, kó padà sídìí àpótí ìjókòó kíkàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bámgbádé gbọ́ gìtá láti ilé orogún ìyá rẹ̀. Ohùn náà rọ̀, ó jinlẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ létí opó. Ká ní kò dára ni, ara ì bá tù ú.

“Máńgòrò ló fẹ́ fi borí mi,” ló wí fún Àsàbí, ìyàwó rẹ̀. “Èmi náà ní máńgòrò!”

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ràn tán, igi tó ń ṣíji bo ilé wọn ti wà nílẹ̀.

“Bàbá Ṣínà, omi ṣì ń jáde lára pákó yìí,” ni Àsàbí kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

“Ṣé omi ni Túbọ̀sún ń bọ̀ wá gbọ́?”

“Gìtá ọ̀gànwó tí ẹ ti kàn ńkọ́? Ó kúkú dára.”

“Bí máńgòrò Yọ́nwá bá bò ó mọ́lẹ̀, ojú wo ni n ó fi wo ìyá rẹ̀?” Ó ti ọ̀gànwó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ ọdún, Túbọ̀sún jókòó láàrin èrò ní àgbàlá, Ọláyọ́nwá sì ta tirẹ̀. Gbogbo àgbàlá ń mirí, títí kan àwọn adití. Ó wá kan Bámgbádé. Ohùn tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti àbúrò lọ, ló bá ń yí èèkàn tí wọ́n fi ń fa wáyà gìtá, wáyà ń le sí i. Ó fojú sún mọ́ ọn láti wò ó dáadáa, ó tún yí i. Ikùn gìtá tútù náà là gbàù! Igi pẹlẹbẹ tó di wáyà mú nídìí ṣí, ó fò, ó gún un lójú.

Ọláyọ́nwá ló kọ́kọ́ dì í mú. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Kí lo fi sára tìẹ?”

“Èéfín ni. Ṣebí ẹ rí i.”

Túbọ̀sún bọ́ jígí rẹ̀, ó ń wò ó. “Bámgbádé, ọ̀gànwó rẹ dà? Torí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe wá.”

Ọláyọ́nwá di onígìtá ìlú, ojú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, igi tí a bá fojú rénà ni í gún ni lójú. Àmọ́ ojú kan tó kù yẹn, ṣé ó ti jáwọ́ nínú wíwo ilé àbúrò?