Òkú Inú Awò

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ arọ a máa kọ́kọ́ bínú sí ẹni tó kéde ogun náà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Akínnádéjù, àbúrò bàbá wa, nígbà tó ń kọ́ iná pípa kó tó wọ ọkọ̀ òkun. Wọ́n de awò dúdú kan tó ń fi àwòrán hàn bí ohun gidi mọ́ ọn lójú, ó sì rí ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná ọkọ̀, tí epo ti gbiná nínú ìkòkò. Ó mọ̀ pé àwòrán lásán ni, síbẹ̀ ó sáré bu omi. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nílé: ó da omi sí i. Iná bú dé àjà, ó bò ó lójú.

"Ẹ ti kú," ni Ìyáàfin Mọ́rẹ́nikẹ́, olùkọ́ wọn, wí.

Akínnádéjù já awò náà kúrò lójú. "Ẹ má pè mí ní òkú! Ìyá mi ṣì wà láyé."

"Bọ̀dá, ikú inú awò ni. Ẹ padà wọlé. Ẹ pa ààrò, kí ẹ fi ìdérí bo ìkòkò."

Ó padà wọlé léraléra, ó ń kùn, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbàgbé omi.

Lójú òkun, epo gbiná lóòótọ́. Alásè sáré gbé garawa omi.

"Gbé e sílẹ̀!" Akínnádéjù pa ààrò, ó fi ìdérí bo ìkòkò, ó dúró tì í, òógùn bò ó. Díẹ̀díẹ̀, iná kú.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó pe olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyáàfin, òkú yín ló ń kí yín o."