Ọjà Tí Ògúndíran Ń Bá Aya Rẹ̀ Ná

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ọyẹ́ sì mú gidigidi, nígbà tí Ògúndíran alágbàṣe gbé àpò ọjà wọlé. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun ìyàwó rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ń lọ sọ́jà, nítorí àánú obìnrin náà ń ṣe é.

Ó kó iṣu, ata àti ẹja gbígbẹ kalẹ̀. "Ìyá Àrìnọlá, gbogbo rẹ̀ rèé."

Obìnrin náà kò wo ata. "Ẹ kú àbọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ńkọ́? Ṣé ọmọ rẹ̀ tó lóyún ti sọ̀ kalẹ̀?"

"N kò béèrè."

"Oníṣu ńkọ́? Ṣé kò bú yín?"

"Kí ló máa bú mi sí? Ó dá iye lé e, mo sì san án."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ná an? Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà? Bàbá Àrìnọlá, ṣé ọjà lẹ lọ ni àbí oko?"

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọjú sí ojú ọ̀nà, níbi tí ariwo ọjà ti ń dún wá láti òkèèrè. Ó ní, "Ènìyàn laṣọ mi. Láti ìgbà tí ẹ ti ń lọ sọ́jà dípò mi, ìhòhò ni mo jókòó sínú ilé yìí."

Ògúndíran wo inú àpò náà. Iyọ̀ tó rà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Mo mà gbàgbé iyọ̀," ó sì na apá rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ kí ó fi ṣe ọ̀pá lọ sọ́jà.