Ikọ́ Láti Òdìkejì Ẹnubodè

“Màmá, bí ogun bá dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ló kan bàbá mi?”

Àyọ̀ká ọmọ mi ló bèèrè. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ sójà ti lọ bá àwọn sójà Bẹ̀nẹ̀ ṣe ìdánrawò ogun.

Lóru, ikọ́ aládùúgbò wa tó ń gbé nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì ẹnubodè, lé oorun lọ. Tábà ló tún ń fà. Ìyá ọkọ mi dìde: “Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.” Ó mú ìgò oyin, ó kọjá sí ọ̀hún. “Olórí kunkun, gbé tábà yẹn wá, kí o lá oyin!” Ikọ́ rọlẹ̀.

“Ṣé irú ikọ́ yìí ni bàbá mi lọ wò?”

“Òun náà ni.”

Àyọ̀ká sùn. Mo ń gbàdúrà fún ọkọ mi títí oorun fi gbé èmi náà lọ.