Káfíńtà Tó Wọ Ẹ̀wù Tíṣà

"Ohun tó jọhun la fi ń wéhun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí èlírí." Gbogbo ẹnu ló ń pa òwe yìí, àmọ́ ta ló ti rí ibi tí wọ́n ti sin èlírí, eku tín-ín-tín, sínú pósí rí? Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òkè-Àgbède ni màá ṣe sọ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó máa sọ tirẹ̀. Iyàn jíjà ti sú mi.

Tíṣà kan ṣoṣo ló kù ní ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Àgbède, Táyé ọmọ Olújìnmí. Àwọn yòókù ti wábi gbà lọ sí ìlú ńlá. Òun ló ń kọ́ àwọn kéékèèké, òun ló ń kọ́ àwọn àgbà wọn, òun náà ló ń lu aago. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tòògbé lórí ìdúró. Ìjọba sì ti kìlọ̀: bí alábẹ̀wò bá dé tí kò bá tíṣà ní kíláàsì, wọn á ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa.

Àárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀ gan-an ni ibà dá Táyé dùbúlẹ̀. Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, káfíńtà tó ń kan pósí, wá wò ó. Ojú kan náà, ohùn kan náà. Ìyá wọn pàápàá a máa ṣì wọ́n pè.

"Fún mi ní ẹ̀wù rẹ," ni Kẹ́hìndé wí. "Ta ni yóò mọ̀?"

"Kẹ́hìndé, ẹ̀wù kọ́ ló ń kọ́ ọmọ níwèé."

"Bí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ńkọ́?"

Táyé ò lókun àtijiyàn. Ó yíjú sí ògiri, Kẹ́hìndé sì wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dún bákan náà. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òkun àti èyí tó fi ń sọ pé èèyàn rí nǹkan, ìró kan náà ni wọ́n ní. Mórádékẹ́, ọmọbìnrin tó jókòó níwájú, béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń wí. Ọ̀gbẹ́ni Faléyẹ, alábẹ̀wò, ń gbọ́ lẹ́yìn.

"Bí wọ́n bá ti dún bákan náà, ọ̀kan náà ni wọ́n," ni Kẹ́hìndé dáhùn. "Kọ èyí tó bá wù ọ́."

"Lánàá, ẹ ní ká wo àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a rìn, sà. Bí a bá gbọ́ ẹja àti ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú rẹ̀, òkun ni."

Àfi bí Táyé ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, tó fi aṣọ ìbora bora, tó ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè sùn.

Alábẹ̀wò wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Èwo ni tíṣà nínú yín?"

Mórádékẹ́ dìde. "Ẹni tó ti rẹ̀ yẹn ni tiwa, sà."

Ojú ti Kẹ́hìndé. Àánú ṣe alábẹ̀wò, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. "Tíṣà, ẹ lọ dùbúlẹ̀. Èmi ni màá kọ́ wọn lónìí. Mi ò ní ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ní irú ọmọ yìí pa; tíṣà kejì ni màá wá fún yín."

Nígbà tí Kẹ́hìndé ń lọ sílé, àwọn tó ń pa ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ó ṣa èèpo ẹ̀pà kan nílẹ̀, ó sì gbé e sókè.

"Ó jọ pósí èlírí, àbí kò jọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká fi wé e, ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kan pósí, mi ò jẹ́ sin eku sínú rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wí i pé ohun tó jọhun la fi ń wéhun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí èlírí. A fi ń wé e ni, a ò fi rọ́pò rẹ̀.