Ọmọ Tó Fi Ọwọ́ Òsì Gbé Omi fún Àlejò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi níbí. Bàbá Tẹniọlá, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Ìyá Tẹniọlá, wá jókòó tì mí, má jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé. Láti àná tí ẹ ti dé ni ẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ yìí mọ́ra yín lọ́wọ́. Etí mi ti kún. Ó ti rẹ̀ mí, àní orúnkún mi gan-an ti gbọ́ ọ sú. Ọ̀kan ní kí ọmọ máa ka gbogbo ohun tó bá wà nínú àpótí ìwé òun, nítorí orí rẹ̀ pé ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Èkejì ní kí ó padà sórí ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ya àwòrán sí, nítorí ìwé ńlá ti sọ ọ́ di aláfojúdi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá!

Èmi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta ni wọ́n ti mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ pé kí n wá gbé ọmọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ni ayọ̀ mi. Nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, á kàwé sí mi létí, èmi á máa rẹ́rìn-ín, n ó gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ọbẹ̀ jóná lọ́wọ́ mi nítorí ìwé! Ẹ jẹ́ kí n pa àkàwé kan fún yín kí n tó lọ sùn.

Ọkùnrin kan wà, akọpẹ ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà kò ju Tẹniọlá lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi igbà kọ́ra, tó dojú kọ igi ọ̀pẹ, àfi bí ọ̀kẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe okùn igbà náà fún un, ó wọ̀n ọ́n mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ìyá ọmọ ń bẹ̀rù. Ó ní òun kò fẹ́ rí i lórí ọ̀pẹ gíga láé, àwọn kúkúrú tó wà lẹ́yìn ilé ni kí ó máa gùn. Bàbá ní kí ni ọmọ tó mọ igi í gùn fẹ́ fi ọ̀pẹ kúkúrú ṣe. Bí wọ́n ṣe ń jà á nìyẹn, lójoojúmọ́. Gíga ni bàbá ń wò, gíga náà ni ìyá ń wò. Kò sẹ́ni tó wo ohun mìíràn lára igi.

Ó di ọjọ́ kan, àwọn akọpẹ ẹgbẹ́ bàbá wá kí i láti ìlú kejì. Ó ti fi ọmọ náà yangàn fún wọn tipẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Ọmọ tó ń gun ọ̀pẹ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rè é. Kí ó wá gùn ún lójú wa.”

Bàbá ní, “Ẹ yan igi tó bá wù yín.”

Wọ́n yan èyí tó ga jù ní ìpẹ̀kun oko. Bàbá yí i po. Ó fi ẹ̀yìn àdá kàn án, ó gbé ojú sókè wò ó pẹ́, ó fa igbà ọmọ wò bóyá ó le dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tó ní kí ó máa lọ. Ọmọ gùn ún, ó gé ìdì ẹyìn, ìdì náà bọ́ sílẹ̀ gbì. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Ariwo ta! Àgbà yẹn bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó dé e fún ọmọ. Ó ní, “Ẹgbẹ́ wa ni ọ́ láti òní lọ. O kì í ṣe ọmọdé mọ́.”

Inú ọmọ dùn. Inú ta ni kò ní dùn?

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sọ fún ọmọ pé, “Ọkọ mi, dákun bá mi gé ẹyìn díẹ̀ lórí kúkúrú ẹ̀yìn ilé yẹn. Èyí tí ẹ gbé bọ̀ kò ní í tó ọbẹ̀ àlejò.” Ọ̀pẹ tí à ń wí yìí, ewúrẹ́ ló ń fi í họ ara. Ẹnikẹ́ni kò bá ọmọ lọ, ẹnikẹ́ni kò yí igi náà po. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ti kó jọ sí i lára, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gé wọn kúrò kẹ́yìn. Ọmọ ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Àkeekèe wà níbẹ̀. Ó ta á lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ó gbé ẹyìn wá fún ìyá rẹ̀. Kò wí nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe wí i? Fìlà àgbà wà lórí rẹ̀. Ẹni tó gun èyí tó ga tán, tí wọ́n ní kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣé yóò wá máa ké nítorí igi ewúrẹ́?

Àlejò jẹun tán, bàbá ní kí ọmọ gbé omi wá. Ó gbé ife, ọwọ́ òsì ló fi na án sí àgbà tó fún un ní fìlà.

Àgbà náà kò gba ife. Ó ní, “Hẹn-ẹn! Fìlà kan péré, ọmọ ti di kábíyèsí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí onílé. Ojú bàbá pọ́n. “Ṣé ọwọ́ tí mo kọ́ ọ láti máa fi gbé nǹkan fún àgbà nìyẹn?”

Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá.” Ṣùgbọ́n abẹ́ àyà rẹ̀ ló tẹ ọwọ́ ọ̀tún sí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ yẹn, kò yọ ọ́ jáde. Bàbá ní ìgbéraga ni. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun yóò gba igbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ní, “Mo ti sọ! Igi gíga yẹn ló gùn ún lórí.” Igi tí kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan ni wọ́n ń bá wí.

Ìyá Tẹniọlá, ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. O ní ọmọ ń fèsì gan-an-ran, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò jẹun dáadáa, ó ní òun kò kàwé sí ẹnikẹ́ni létí mọ́. Lójú tìrẹ, ìwé ńlá ló bà á jẹ́. Ìwọ ọkọ rẹ̀ sì ní ìwé pẹlẹbẹ tí ìyàwó rẹ ń rà ló sú ọmọ. Ẹ̀yin méjèèjì, sísanra ìwé lẹ ń wọ̀n. Sísanra kì í ta èèyàn. Ohun tó wà láàárín imọ̀ ló ń tani.

Ìwé ogun tó nípọn bí búrẹ́dì nínú àpótí rẹ yẹn, ọmọ mi, ṣé o ti kà á tán? Má purọ́ fún mi, èmi ni mo bí ọ. Èyí tí wọ́n ya ọmọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí iwájú rẹ̀, tí ìwọ aya rẹ̀ rà lẹ́bàá títì, ṣé o ṣí i kọjá ẹ̀yìn ìwé? N kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan. Ó lè jẹ́ pé èyí tó nípọn ló mọ́. Ẹ yí igi po kí ọmọ tó gùn ún. Ẹ ka ìwé náà ṣáájú rẹ̀, bí àyè kò bá sí, ẹ bá a kà á, kí òun ka orí kan, kí ẹ̀yin ka orí kan. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún un pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pẹ kì í sá kúrò lóko. Bí ó bá sì fúyẹ́ jù, ẹ má fi dí i lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ igi í gùn, bí ẹ bá so ó mọ́ ilẹ̀, yóò gun èyí tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ dákun, ẹ yé sọ fún gbogbo ìjọ pé kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọmọdé ni. Ẹ̀yin lẹ ń dé fìlà fún un, tí kò wá lè ké. Bí ó bá fi òsì gbé omi fún yín, ẹ má bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ ní kí ó fi ọ̀tún hàn yín.

“Màmá, ọmọ yẹn wá ńkọ́? Ṣé ó kú ni?”

Sùúrù, ìyàwó mi. Kò kú.

Àlejò kò tètè lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ọ̀pẹ tí wọ́n ti gùn láti ìgbà èwe wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í lé àlejò. Ìyá pe ọmọ sí yàrá, ó ní kí ló dé. Ọmọ ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ògiri. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan, Màmá.” Ó padà síta, ó fara ti ògiri, fìlà lórí, òógùn lójú. Oorun kò kun ìyá rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó, ó ń dúró.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àwọn àlejò dìde wàyí. Bàbá sìn wọ́n sọ́nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ìyá kò sìn wọ́n, kò tilẹ̀ jáde. Ó ṣí fìlà kúrò lórí ọmọ, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, “Wọ́n ti lọ. Èmi àti ìwọ ló kù. Mú ọwọ́ kejì wá kí n wò ó.”

Ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti wú dé ìgúnpá. Ó sì bú sẹ́kún, ẹkún ọmọ ọwọ́, ariwo rẹ̀ bá wọn lójú ọ̀nà. Bàbá dúró, ó tẹ́tí. Kò sọ fún àwọn àlejò pé ó dàbọ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó sáré padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Àwọn àlejò wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, wọ́n bá tiwọn lọ nínú ìrì.