Bí Ìjàpá Ṣe Mú Kí Ọjọ́ Àgbà Máa Sáré

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. A ti jẹun, a ti fọ abọ́, kò sí ohun tó ń lé wa. Àlọ́ mi kò yà sí ààfin, kò yà sí ilé ìjòyè. Ẹnu ọ̀nà Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló lọ jókòó sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Ìjàpá kò tíì di ọkọ Yánníbo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a ni.

Láyé ìgbà náà, Ọjọ́ kì í ṣe ohun tí a kàn ń fi ìka kà. Bàbá arúgbó kan ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń gbé àpò awọ kan kọ́ èjìká. Láràárọ̀ ni yóò ti ìlà oòrùn wá, yóò gba àárín ìlú àwọn ẹranko kọjá, yóò sì forí lé ìwọ̀ oòrùn. Ilé tó bá dé, wọ́n á kí i, wọ́n á ní, "Bàbá Ọjọ́, kí lẹ mú wá fún wa lónìí?" Ọjọ́ á sọ àpò kalẹ̀, á jókòó, á máa fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni. Nígbà mìíràn, orin ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni. Ó lè jẹ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kò sí ilé tí kì í ti í jókòó, nítorí kò sí ilé tí wọn kì í ti í bi í, àti ọmọdé àti àgbà. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi gùn fún gbogbo wọn bákan náà. Arúgbó á jí, á ṣiṣẹ́, á sinmi, á bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, oòrùn á ṣì wà lókè.

Wàyí o, Ìjàpá rí Yánníbo lójú ọ̀nà odò, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Kí n má purọ́ mọ́ Ìjàpá. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti fi ojúkòkòrò wá láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n Yánníbo yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú ni. Ó lọ bá bàbá Yánníbo, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bi mí bí Ìjàpá ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá náà ní òun kò kọ̀, ṣùgbọ́n kí Ìjàpá wá bá òun ṣiṣẹ́ oko láti òjò àkọ́rọ̀ títí wọn yóò fi jẹ iṣu tuntun. Bó bá ṣe é parí, kó mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Bó bá sá fún iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó má padà wá mọ́.

Ìjàpá gbà. Kí ni ì bá ṣe?

Ó dé oko. Ó kọ ebè kan, ó kọ èkejì, ó kọ ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn ń ro ó. Ó gbójú sókè, oòrùn kò tíì kúrò níbi tó wà. Kò pẹ́ ni Ọjọ́ dé etí oko. Bàbá Yánníbo bi í ní ohun tó mú wá, ni Ọjọ́ bá jókòó tì í lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó yọ ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà jáde, ó ń fi bí ẹyẹ náà ṣe hun ún hàn án, koríko kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn méjèèjì ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìjàpá ń kọ ebè. Ó kọ ogún, wọn kò tíì wò ó tán. Ọ̀sán kò dé bọ̀rọ̀, Yánníbo kò gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ dé bọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan péré nìyẹn o.

Lọ́jọ́ kẹfà, Ìjàpá jókòó sórí ebè, ó ronú. Ó rí i pé iṣẹ́ kọ́ ló gùn, Ọjọ́ ló ń pẹ́. Ìbéèrè ló sì ń mú Ọjọ́ pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá bi í ní nǹkan kan, yóò kàn rìn kọjá ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá Àgbọ̀nrín, tí í ṣe olórí àwọn àgbà ìlú. Ó kí i tán, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára. Ó ní ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu Ọjọ́ lójú ọ̀nà kò dára. Ó ní Ọjọ́ sọ pé àwọn àgbà ìlú yìí kò gbọ́n ju ọmọ wọn lọ, pé olú tí wọ́n ti ń rí láti kékeré ni wọ́n tún ń lanu wò. Inú bí Àgbọ̀nrín. Àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun lọ́mọdé. Ó bi Ìjàpá pé kí ni kí àwọn ṣe.

"Ẹ má bá a jà, bàbá," ni Ìjàpá wí. "Bó bá dé, tó fẹ́ sọ àpò kalẹ̀, ẹ kàn sọ fún un pé, 'A ti rí irú rẹ̀ rí.' Yóò mọ̀ pé ojú yín ti là."

Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún Ọ̀bọ. Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún Òkété. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ láti ilé dé ilé. Ti bàbá Yánníbo nìkan ló ṣòro fún un díẹ̀, nítorí ó mọ bí bàbá náà ṣe fẹ́ràn Ọjọ́ tó. Bàbá náà bi í pé:

"Ṣé Ọjọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi?"

Ìjàpá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà dìde. Ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó wọlé.

Àwọn ọmọdé nìkan ni Ìjàpá kò bá sọ ọ́. Wọ́n wà ní odò, wọ́n ń wẹ̀. Ta ló ń ka ọmọdé sí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọjọ́ dé ilé Àgbọ̀nrín, ó fẹ́ sọ àpò kalẹ̀. Àgbọ̀nrín ní, "A ti rí irú rẹ̀ rí." Ó dé ilé Ọ̀bọ, wọ́n ní, "A ti rí irú rẹ̀ rí." Ó dé oko, bàbá Yánníbo kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ọjọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ.

Kí Ìjàpá tó kọ ebè mẹ́ta, ọ̀sán ti pọ́n. Kó tó jẹ ẹ̀kọ tán, ilẹ̀ ti ń ṣú. Iṣu hù, iṣu ta, wọ́n wà á. Ìjàpá gba ìyàwó, inú rẹ̀ sì dùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó tú ẹran sílẹ̀ sí oko olóko, oko tirẹ̀ náà kò jìnnà. Ìjàpá á ní kí òun àti Yánníbo jókòó sí ìta gba atẹ́gùn, kí wọ́n tó tẹ́ ẹní, ilẹ̀ ti ṣú. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kó tó parí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ti yí. Ọdún ń gorí ọdún bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Lọ́jọ́ kan, Yánníbo lọ kí bàbá rẹ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, "Ọkọ mi, bàbá mi ti darúgbó. Mo rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni. Wọ́n ní ó ti di ọdún mẹ́rin. Ìgbà wo ni wọ́n darúgbó, tí n kò rí i?"

Ìjàpá nu omijé ojú ìyàwó rẹ̀ nù. Ó mọ ẹni tó jí ọdún mẹ́rin náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti dá Ọjọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ọjọ́ ti mọ́ sísáré. Kí Ìjàpá tó la ẹnu, Ọjọ́ ti kọjá. Ni Ìjàpá bá tẹ̀lé e, ó ń sáré, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá Ọjọ́, ẹ rọra o,
*Tèrè-ń-tère, ẹ rọra.*
Mo gbé 'yàwó, n ò wò ó yó o,
*Tèrè-ń-tère, ẹ rọra.*
Ẹsẹ̀ mi kúrú, ọ̀nà jìn o,
*Tèrè-ń-tère, ẹ rọra.*

Ọjọ́ kò wẹ̀yìn. Ìjàpá la oko àgbàdo kọjá, ó la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó tún orin náà kọ, Ọjọ́ kò wẹ̀yìn. Nígbà tí Ìjàpá fi máa dé etí odò, èémí rẹ̀ ti fẹ́ pin. Ibẹ̀ ló ti rí Ọjọ́, tó jókòó sórí òkúta, tí àwọn ọmọdé yí i ká. Ọmọ Ọ̀bọ ń bi í pé kí ló dé tí lámilámi fi ń ti ìdí bọ omi. Ọjọ́ ń ṣàlàyé. Wọ́n tún bi í ní òmíràn, ó tún ṣàlàyé. Ìjàpá wo òkè: oòrùn tó ń sáré nínú ìlú, gbọnin ló dúró létí odò.

Ojú tì í. Ó dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ náà, ó rọra kọrin:

Bàbá Ọjọ́, ẹ gbọ́ mi o,
*Tèrè-ń-tère, ẹ rọra.*
Ẹ̀yin kọ́ lẹ bú àgbà ìlú o,
*Tèrè-ń-tère, ẹ rọra.*
Ẹnu èmi ni irọ́ ti wá o,
*Tèrè-ń-tère, ẹ rọra.*

Ọjọ́ yíjú sí i. "Mo mọ̀ pé ẹnì kan purọ́," ni ó wí. "N kò mọ ẹni náà ni."

Ìjàpá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní bí kò bá tilẹ̀ dá tòun padà, kó jọ̀wọ́ dá ọdún mẹ́rin àna òun padà.

"Èyí tó ti lọ kò sí nínú àpò mi mọ́, Ìjàpá. Èyí tó kù ni mo ní. Ilé tí wọ́n bá ti bi mí, màá jókòó. Ilé tí wọn kò bá ti bi mí, ẹsẹ̀ mi kì í dúró."

Ìjàpá padà sílé. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó jẹ́wọ́ irọ́ tó pa. Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n bínú. Wọ́n bi Ọjọ́ ní ìbéèrè ní ọjọ́ kìíní, wọ́n bi í ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, Àgbọ̀nrín gbàgbé, ó ní, "A ti rí irú rẹ̀ rí." Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n wá pe Ìjàpá, wọ́n ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó láàárín àgbà mọ́ láéláé. Wọ́n ní kó máa lọ bá àwọn ọmọdé jókòó.

Ìyẹn ni wọ́n pè ní ìyà.

Ó ku bàbá Yánníbo. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá náà wò ó títí, ó ní, "Nítorí ọmọ mi lo ṣe pa irú irọ́ yìí?" Ìjàpá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Dìde. Níbo lo ní wọ́n ti ń bi Ọjọ́ ní nǹkan báyìí?"

Láti ọjọ́ kejì, Ìjàpá di àna rẹ̀ mú lápá ọ̀tún, Yánníbo di bàbá rẹ̀ mú lápá òsì, wọ́n mú un lọ sétí odò. Bàbá arúgbó náà jókòó láàárín àwọn ọmọdé, ó ń béèrè bíi tiwọn. Ó béèrè nípa ẹja. Ó béèrè nípa ìkùukùu. Wọ́n á jẹun ọ̀sán, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á jí, oòrùn á ṣì wà lókè. Àsìkò òjò kan péré ni bàbá náà tún rí láyé kó tó lọ. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí Yánníbo náà fi hu ewú, ohun tó máa ń sọ ni pé òjò kan yẹn gùn ju gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ ọmọdé fi ń pẹ́, tí ti àgbà sì fi ń sáré. Ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé àgbà kì í pe Ìjàpá sí ìpàdé wọn, tó sì jẹ́ pé láàárín àwọn ọmọdé lẹ ó ti máa bá a, nírọ̀lẹ́ gbogbo, nínú àlọ́ gbogbo.

Ibi tí wọ́n pa á dé fún mi nìyí, ibẹ̀ lèmi náà dúró sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọbẹ̀ mi tẹ́ lọ́la. Bí n kò bá fi kún un, ẹ ní, "Ìyá, àlọ́ yín dùn."