Bí Ìjàpá Ṣe Sọ Ìjàkadì Di Ọjà Títà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ní ìgbà kan rí, bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn ẹranko a máa péjọ sí etí odò láti wo ìjàkadì. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọmọdé ló ń jókòó síwájú. Àgbò àti Òbúkọ ló mọ̀ ọ́n jà jù, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn sì ni wọ́n. Ẹni tó bá dá ẹnìkejì ni yóò fà á dìde, yóò gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ nù, wọn a sì jọ jẹ iṣu nínú àwo kan.

Ìjàpá wò ó títí, ọ̀fun ń dá a tòló. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó mú iṣu wá. Àwọn tó wá ò pọ̀. Ló bá lọ bá Ayékòótọ́, ẹyẹ tó jẹ́ pé ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ. Ìjàpá ń ránmú bó ṣe máa ń ṣe, ó ní:

"Kéde pé Àgbò ní Òbúkọ ń rùn. Kéde pé Òbúkọ ní ọ̀lẹ ni Àgbò. Bí wọ́n bá bínú síra wọn, iṣu á pọ̀!"

Ayékòótọ́ kéde ìwọ̀nba tí wọ́n rán an. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Òótọ́ ni pé Òbúkọ ń rùn díẹ̀, àmọ́ Àgbò ò sọ ọ́ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ò kí ara wọn mọ́. Èrò wá wọ́ tìtì. Àwọn ọmọ tí kò ní iṣu ń yọjú lára ọgbà.

Lọ́jọ́ ìjà, Àgbò dá Òbúkọ, gbì! Ó kẹ́yìn sí i. Òbúkọ na ọwọ́ sókè, ó ń retí.

"Àgbò, ṣé o ò ní gbé mi ni?"

"Ọ̀lẹ ò lè gbé èèyàn."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá dé ibí yìí.

Ẹ̀rù ba Ìjàpá pé èrò lè tú ká. "Ayékòótọ́, sọ̀rọ̀! Má jẹ́ kí ibí dákẹ́!"

Ayékòótọ́ ò ní ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ránmú bíi Ìjàpá gan-an: "Kéde pé Àgbò ní Òbúkọ ń rùn. Bí wọ́n bá bínú síra wọn, iṣu á pọ̀!"

Àgbò yí padà. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, ó gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n pẹ́. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi." Oníkálukú gbé iṣu rẹ̀ padà. Àwọn ọmọ fi ara ti ọgbà kí wọ́n lè wọlé. Ìjàpá sáré lọ dì í mú, ọgbà wó, òun náà sì nà gbalaja, àyà lókè, ẹsẹ̀ lókè.

"Ẹ gbé mi o!"

"Ta ló dá ọ?" Àgbò bi í.

"Kò sẹ́ni tó dá mi!"

"Ẹni tó dáni ló ń gbéni níbí. A ò mọ ẹni tá a máa pè fún ọ."

Àgbò àti Òbúkọ lọ jẹ iṣu nínú àwo kan.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé agbábọ́ọ̀lù kan kórìíra èkejì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gba iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Ó tó. Ẹ dìde, ẹ gbọn iyanrìn ẹ̀yìn ara yín nù, kí ẹ tó wọlé.